Ẹrù Tó Ju Ọkọ̀ Lọ: Ọ̀rọ̀ Fún Ọmọ Ìlọrin Tó Ní Tírélà, Tó Ń Wà Á, Tó Ń Kó Ọjà Sí I

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa. A kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi àti ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá.)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn dírẹ́bà nìkan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tí kò kàn nínú wa.

Ẹ wo ibi tí ìlú wa wà. Ẹrù tó ń ti òkè Ọya bọ̀, tó ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, àlùbọ́sà ni o, màlúù ni o, àgbàdo ni o, iṣu ni o, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ń gba Mokwa, Jẹ́bà àti Bódè Sáàdú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kó tó gba Ẹyẹńkọrin kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Epo bẹntiróòlù àti kọ̀ntéínà náà ń ti Èkó gòkè bọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, rélùwéè ló ń gbé ẹrù báyìí. Ọdún 1908 ni ojú irin dé Ìlọrin, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí rélùwéè wá rẹ̀yìn, gbogbo ẹrù yẹn bọ́ sórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í sì í ṣe irin.

Ìdí rèé tí òfin ìwọ̀n fi wà. Ní oṣù kejì ọdún 2012, àjọ ECOWAS fọwọ́ sí òfin kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ yẹn, lórí gígùn, fífẹ̀, gíga àti ìwọ̀n ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ tiwa náà gbé ìlànà jáde fún àwọn títì márosẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí òfin ECOWAS yẹn sọ ò ṣòro láti lóye. Ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù orí ẹ̀ ò gbọdọ̀ ga ju mítà 4 lọ láti ilẹ̀. Tírélà, bó ti wù kí táyà ẹ̀ pọ̀ tó, kò gbọdọ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí "ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀" yẹn, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bọ́ mọ́ àwa oníṣòwò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ará ọjà. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 20. Tírélà tó gbé àpò 600 gbé tọ́ọ̀nù 30. Èyí tó gbé àpò 900 gbé tọ́ọ̀nù 45, a ò sì tíì ka ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Orí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń tó tọ́ọ̀nù 15, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó pọ̀, 60 ni. Ó ti fi tọ́ọ̀nù 9 ju òfin lọ kó tó jáde lẹ́nu géètì.

Bí ti táńkà náà ṣe rí nìyẹn. Lítà bẹntiróòlù 60,000 wúwo tó tọ́ọ̀nù 44. Ẹ fi ọkọ̀ kún un, ó ti kọjá. Ìyẹn ló jẹ́ kí NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó epo, kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà, táńkà tó bá ń gbà ju lítà 60,000 lọ ò gbọdọ̀ gbé epo ní dẹ́pò mọ́, àti pé kí ọdún náà tó parí, wọn ó já a wálẹ̀ sí 45,000. Lítà 45,000 wúwo tó tọ́ọ̀nù 33. Tẹ́ ẹ bá fi ọkọ̀ kún ìyẹn, ẹ ò tíì dé 51.

Ẹnì kan á ní, "Alájì, ìlékún díẹ̀ náà ńkọ́? Kí ni tọ́ọ̀nù méjì fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè tó dáa ni. Láàárín 1958 sí 1960, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n la títì kan torí àyẹ̀wò yìí nìkan. Wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí ẹ̀, ìwọ̀n yìí lọ́tọ̀, ìwọ̀n tọ̀hún lọ́tọ̀, wọ́n wá ń wo bí títì ṣe ń bàjẹ́. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe títì ṣì ń lò káàkiri ayé. Kì í ṣe àpapọ̀ ẹrù nìkan ló ń pa títì. Ẹrù tó wà lórí ìlà táyà kọ̀ọ̀kan ni, ìyẹn irin kan tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ká ní ìlà táyà kan yẹ kó gbé tọ́ọ̀nù 10, ẹ wá gbé 12 lé e. Ẹ̀yin á rò pé díẹ̀ lẹ fi kún un, àmọ́ ìbàjẹ́ tó ṣe fún títì ti di ìlọ́po méjì. Tó bá di 15, ìlọ́po márùn-ún ni. Tó bá di 20, ìlọ́po 16. Títì tí wọ́n ní kó lo ogún ọdún á ti là kó tó lo márùn-ún, àwa á tún padà wá máa bú kọngílá.

Ta ló ń san owó ẹ̀? Àwa náà ni. Àlùbọ́sà tó bá sun ojú ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta torí kòtò, owó orí ẹ̀ á wọ ọjà Ìpàta àti Mandate. Táyà tó bẹ́, sípíríìnì tó kán, inú àpò ọlọ́kọ̀ ló ti ń jáde. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2017, tí afárá Tatabu já láàárín Mokwa àti Jẹ́bà? Omi ló gbé ìyẹn lọ, kì í ṣe ẹrù. Àmọ́ ó fi hàn wá pé ọ̀nà yẹn ni ọ̀fun wa. Tí ọ̀fun bá ti dí, ebi á pa inú.

Owó ṣì kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Tí ẹrù bá ti pọ̀ jù, bíréèkì ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà ẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó á gbóná títí á fi kọ̀ láti mú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, táńkà kan tí bíréèkì ẹ̀ já ní Felele, ní Lọ́kọ́ja, pa èèyàn 23, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní Agaie, ìpínlẹ̀ Niger, táńkà epo kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tó kó màlúù àti èèyàn pa pọ̀. Ó lé ní èèyàn 40 tó kú, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí àádọ́ta màlúù jóná. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni èèyàn ń wá lórí ọkọ̀ màlúù? Owó ọkọ̀ tó dínkù díẹ̀ náà ni. Àwọn ọmọ wa ń jókòó sórí àpò àlùbọ́sà wọ ìlú yìí, gbogbo wa ń rí wọn, a ò sì wí nǹkan kan.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, táńkà ṣubú ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn èèyàn gbé korobá jáde láti gbọ́n epo, ni iná bá sọ. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko nítòsí Suleja. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 80. Ìpínlẹ̀ Niger nìyẹn o, aládùúgbò wa. Táńkà tó ṣubú ní Dikko lónìí lè ṣubú ní Òkè-Oyì lọ́la.

Àwọn èèyàn máa ń ní, "Dírẹ́bà ló ń sáré." Òótọ́ ni pé dírẹ́bà ń sáré, a sì máa kan tiẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tọpa ẹ̀. Ta ló ní, "Ẹ sáà fi àpò ọgọ́rùn-ún yẹn lé e, má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹ́ kù"? Ọlọ́jà ni. Ta ló ní, "Tó ò bá lọ Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá"? Ọlọ́kọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àti ọlọ́kọ̀ wà nínú ìpàdé wa yìí. Òfin wà, ìtanràn àpọ̀jù ẹrù sì wà nínú ìwé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, 10,000 náírà. Àmọ́ kí ni 10,000 lójú ẹni tó fẹ́ jèrè ìlọ́po ogún ẹ̀ lórí ẹrù àjẹmọ́nú? Ìtanràn nìkan ò lè gbà wá. Àwa fúnra wa la máa dá ara wa lẹ́kun.

Torí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má fi dandan lé dírẹ́bà láti gbé kọjá ìwọ̀n. Tẹ́rù bá ṣẹ́ kù, ẹ wá ọkọ̀ kejì, kí ẹni méjì pín in gbé. Ohun tó bá ń jábọ́, bíi yanrìn àti òkúta, ẹ fi tapólì bò ó.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ wo ara táyà yín. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin kan. Tó bá jẹ́ 2423, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. FRSC ń sọ fún wa pé tí táyà bá ti pé ọdún mẹ́rin, kó kúrò lójú títì. Táyà tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta nílùú òyìnbó kẹ́ ẹ tó rà á, ọdún kan péré ló kù fún yín. Ẹni tó bá ní táńkà, ẹ rí i pé ìdérí tí kì í jẹ́ kí epo dà tí ọkọ̀ bá dojú dé wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ìlànà ìrìnnà 2012 ti fi iye eré sílẹ̀ fún tírélà àti táńkà: kìlómítà 45 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 50 lójú ọ̀nà ńlá, 60 lórí ẹspírẹ́ẹ̀sì. Tí taksí bá yà yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá gbé kọ̀ntéínà, ẹ ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Ní Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, kọ̀ntéínà já lulẹ̀ lórí afárá ní 2015, ó pa èèyàn. Ní oṣù kìíní 2023, òmíràn tún já níbẹ̀, ó wó lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Ibì kan náà ni o, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín ò gbọdọ̀ gun orí ẹrù rìnrìn àjò. Ẹ jẹ́ ká dá owó ọkọ̀ jọ fún un tó bá jẹ́ ìyẹn ló fà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́bàá títì, ní Òkè-Oyì, Kúléǹdè, Oko-Olówó, Ẹyẹńkọrin, tí táńkà bá ṣubú, ẹ máa sá lọ, ẹ má sá bọ̀. Ẹ má dáná, ẹ má tan ẹ̀rọ. Ẹ pe 122, nọ́ńbà FRSC, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Kò sí korobá bẹntiróòlù kan tó tó ẹ̀mí èèyàn.

Mo tún fi ọ̀kan síwájú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù ló yẹ kí òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti ba títì jẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ká sì pe àwọn aṣáájú ọlọ́kọ̀ akẹ́rù àti àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó pọ̀, ká fẹnu kò sí iye àpò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ó máa gbé. Ohun tí a bá jọ fẹnu kò sí, ojú á ti ẹni tó bá rú u.

Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù tẹ́ ẹ bá wà, pàápàá èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́jà wà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú pópó, kò ní í jẹ́ ká rí àgbákò. Àmín.