Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà, "Nimble"

Àsọyé fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ùsì-Èkìtì



Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni nimble. Àwọn ọmọ wa ń pàdé rẹ̀ nínú ìwé wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a bi wá ní ìtumọ̀ rẹ̀, àwa a sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tí ó yára ni." Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ọta ìbọn yára, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ èdè rẹ̀ dáradára kì í pè é ní nimble. Ọkọ̀ ojú irin ń sáré, wọn kì í pe òun náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò ńkọ́? Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìka ọwọ́ aránṣọ, ẹsẹ̀ oníjó, àti ọkàn ọmọ tí ó mọ ìṣirò ńkọ́? Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà yẹ. Kí ni ó wà nínú àwọn wọ̀nyí tí kò sí nínú ọta ìbọn? Bí a bá rí ìdáhùn ìbéèrè yìí, a ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, a ó sì rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ pẹ̀lú.

Ní ìkíní, ẹ jẹ́ kí a wo ìran tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí ọ̀rọ̀ a máa ní ìran gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Kí àwọn ará Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wí pé "mú" ni niman. Ìbátan rẹ̀ ṣì ń bẹ lẹ́nu àwọn ará Jámánì títí di òní. Nehmen ni wọ́n ń pè é. Láti inú niman ni nimble ti jáde. Nítorí náà, ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ nimble ni ẹni tí ó tètè ń mú ohun tí ó yẹ kí ó mú. Lẹ́tà b tí ó wà ní àárín ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn ni ó wọlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ inú thimble, ìdérí kékeré tí aránṣọ fi ń bo ìka rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má ba gún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ọmọ ìyá méjì tí ó yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni numb, tí wọ́n ń sọ nípa ẹsẹ̀ tí ó kú nítorí ìjókòó pípẹ́, tàbí ọwọ́ tí òtútù mú títí tí kò fi mọ ìgbà tí a fọwọ́ kàn án. Láti inú niman kan náà ni òun ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ohun tí a ti mú". Ẹ wò ó bí ìyá kan náà ti bí ẹni tí ń mú, tí ó sì bí ẹni tí a mú! Èkejì ni nim. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọ̀rọ̀ ìgboro fún olè jíjà ni nim jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí àwa náà ń pe olè ní gbéwiri, ẹni tí ó gbé nǹkan wiri tí ojú kò sì rí i. Nítorí náà, ọwọ́ yíyá nìkan kì í ṣe ìwà rere. Ohun tí ọwọ́ náà ń mú ni kí a kọ́kọ́ bèèrè.

Ní ìkejì, kí ni a ó pè é ní èdè tiwa? Alàgbà Samuel Crowther, ọmọ Òṣoogùn, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1843. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó sì tẹ ìwé atúmọ̀-èdè tirẹ̀ jáde ní ọdún 1913. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀-èdè kò lè ṣe ju kí ó tọ́ka ọ̀nà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni yóò yan èyí tí ó bá ibẹ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ ti ìka ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, àwa a wí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí ó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, a ó wí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo ara, a ó wí pé ara rẹ̀ fúyẹ́, tàbí pé ó já fáfá. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọkàn, a ó wí pé ọ̀rọ̀ tètè ń yé e. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti kó gbogbo ìwọ̀nyí dànù, ẹ sì ń fi "ó smart" dí àyè gbogbo wọn. Ẹ kò mọ̀ pé ìrora ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí ìgbà tí ata bá kan ojú egbò. Èmi kò bá yín jà nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú àpò rẹ̀ ń ná ẹyọ kan tí ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ wa náà, yára. Bí a bá tú u, yá ara ni. Nígbà tí aláìsàn bá dìde, a ń wí pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí àkókò bá tó, a ń wí pé, "Ó yá!" Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sì lè gbé nǹkan, a ń wí pé ẹsẹ̀ kú. Lójú àwọn baba wa, ẹni tí ó yára ni ẹni tí ìyè wà nínú ara rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí nínú Ìwé Àdúrà wọn ti ọdún 1662, níbi tí àwa ti ń wí nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ pé "alààyè", quick ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí gbogbo ayé mọ̀ sí "yára" lónìí.

Ní ìkẹta, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lójú wa ní Èkìtì níhìn-ín. Ta ni kò tíì rí i kí obìnrin méjì tàbí mẹ́ta máa gún iyán nínú odó kan? Ọmọ odó kan ń lọ sókè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀, wọn kì í sì í kọlu ara wọn. Láàárín ìró méjì, ọwọ́ kan a wọ inú odó, a ṣa kókó, a sì jáde. Bí ọwọ́ náà bá lọ́ra, ọmọ odó yóò bá a níbẹ̀. Bí ó bá kánjú wọlé kí àyè tó ṣí, yóò bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń ṣọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọpẹ tí ó wà lókè pẹ̀lú igbà rẹ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ lè má yá púpọ̀, ṣùgbọ́n bí agbọ́n bá tú jáde láàárín imọ̀, ẹ ó rí bí yóò ti yí ara rẹ̀ padà tí kò sì ní já bọ́. Èyí ni ohun tí ọta ìbọn kò ní. Ó ń lọ síbi tí a darí rẹ̀ sí, kò lè yà. Nimble ni ẹni tí ó yá, tí ó sì lè yà.

Ìwé Mímọ́ fi àwọn méjì hàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ìwé Samuẹli Kejì, orí kejì, a kà nípa Asaheli arákùnrin Joabu, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ẹranko pápá. Ó lé Abneri, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Abneri bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yà, kò gbà. Abneri sì fi ìdí ọ̀kọ̀ gún un, ó sì kú síbẹ̀. Ẹsẹ̀ yíyá rẹ̀ ni ó gbé e dé ibi ikú rẹ̀. Èkejì ni Dafidi, nínú Ìwé Samuẹli Kìíní, orí kejìdínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí dùùrù nígbà tí Saulu ju ọ̀kọ̀ sí i, ó sì yẹra lẹ́ẹ̀mejì. Kò ju ọ̀kọ̀ náà padà. Ẹ̀yin ará, nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ni ẹ ó fẹ́ kí ọmọ yín dà bí?

Mo bi yín bẹ́ẹ̀ nítorí ayé ìsáré ni a wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gun ọ̀kadà, ó sì ń fò lórí títì bí ẹni pé ẹnìkan ń lé e. Òmíràn fẹ́ là kí ó tó mọ iṣẹ́. A ń kígbe "Yára! Yára!" sí àwọn ọmọ wa láti òwúrọ̀ di alẹ́, a kò sì kọ́ wọn bí a ti ń yà. Àwọn baba wa wí pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn kò ní kí a má mú un o. Wọ́n ní kí a fẹ̀sọ̀ mú un.

Ẹ̀yin àgbà tí eékún yín ti ń dùn yín, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti rékọjá yín. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi àgbọn, kò lè rí i. Ẹni tí ó tètè gbọ́ ìbànújẹ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ó tètè dárí jì, tí ó sì lè yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí a bá fi òtítọ́ hàn án, ara rẹ̀ yá, bí ó tilẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbínú ogún ọdún ti mú, tí kò lè yà kúrò nínú rẹ̀ mọ́, numb ni olúwa rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá tún bi yín pé, "Kí ni nimble?" ẹ má ṣe dá a lóhùn pé ẹni tí ó yára, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ mú un lọ sídìí odó, ẹ jẹ́ kí ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

 Kí Olúwa fún wa ní ara yíyá àti ọkàn tí ó mọ ìgbà. Àmín.