Òṣùwọ̀n Ọjà àti Ìsọ̀ Kejì: Ààbò Oníbàárà Tẹlifóònù àti Amóhùn-máwòrán

Nínú ọjà Yorùbá, ohun méjì ni ó ń gba olùrà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Èkínní ni òṣùwọ̀n. Bí onígàrí kan bá lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọlé kí gàrí má baà kún un, ìyálọ́jà wà níbẹ̀ tí yóò gba kóńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé onígàrí kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ bá le jù, olùrà yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìbéèrè òní ni èyí: nínú ọjà tẹlifóònù àti ti amóhùn-máwòrán, níbi tí ojú kò ti rí òṣùwọ̀n, èwo nínú ààbò méjèèjì yìí ni ìjọba Nàìjíríà ti fún oníbàárà?

Ní ọdún 1985 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ NITEL sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ NITEL ni ẹni tí ó bá ń fẹ́ tẹlifóònù gbọ́dọ̀ lọ. Ìjọba ni ó ń tajà, ìjọba kan náà ni ó sì ń mójú tó òṣùwọ̀n. Ta ni oníbàárà yóò wá fẹjọ́ sùn? Ní ọdún 2000, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà sì ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Òfin ọdún 1992 tí ó dá àjọ NCC sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ya alámòójútó sọ́tọ̀ kúrò lára olùtajà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, NCC gbé ìwé-àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká sí gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé-àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Inú ará ìlú dùn nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìdí kóńgò ti wọlé. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré kí ìyá rẹ̀, owó odidi ìṣẹ́jú ni yóò san. Nígbà tí àwọn ènìyàn bèèrè pé kí a máa ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé kò tíì ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ọ̀pọ̀ oníbàárà pa tẹlifóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún kan náà ni Globacom, tí NCC ti fún ní ìwé-àṣẹ ní ọdún 2002, dé sí ọjà pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e. Ohun tí kò ṣeé ṣe di ṣíṣe, nítorí pé ìsọ̀ mìíràn ti ṣí.

Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 wá fi ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n múlẹ̀: ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó tí NCC kò fọwọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò máa gbà gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà. Síbẹ̀ okùn kan kù. Oníṣòwò tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ kò lè fi ilé-iṣẹ́ tí ó ń dà á láàmú sílẹ̀, nítorí kò fẹ́ pàdánù nọ́ńbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, NCC já okùn yìí: oníbàárà lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn kan yóò wí pé bí ìsọ̀ bá ti pọ̀, kí ìjọba káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo onígàrí bá fowó lé ọjà lọ́jọ́ kan náà, ìsọ̀ wo ni olùrà yóò sá lọ? Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bèèrè pé kí owó di ìlọ́po méjì, NCC ní oṣù kìíní ọdún 2025 fọwọ́ sí àfikún tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àfikún náà dun ará ìlú, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti òfin ni, ìbá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a wá yíjú sí amóhùn-máwòrán tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Dikódà ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gba àwòrán ti èkejì. Láàrin ọdún 2007 sí 2010, ọwọ́ HiTV ni ẹ̀tọ́ láti fi ìdíje Premier League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní Nàìjíríà wà. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tìtorí èyí ra dikódà rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ HiTV, ẹni tí ó ń fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tún gbọ́dọ̀ ra dikódà mìíràn. Ní ọdún 2020, àjọ NBC pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ máa tà á fún àwọn yòókù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé e, ó ní ó kọjá agbára àjọ náà. Nígbà tí àjọ FCCPC náà gbìyànjú láti dá àfikún owó DStv àti GOtv dúró, ilé-ẹjọ́ gíga ní Àbújá sọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé FCCPC kò ní agbára láti dá iye owó lé ọjà. Ààrẹ ni òfin gbé agbára náà lé lọ́wọ́. Nípa báyìí, òǹwòran kò ní ìyálọ́jà tí yóò yẹ òṣùwọ̀n wò fún un, ó sì ṣòro fún un láti rí ìsọ̀ kejì.

Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó fi owó gọbọi ra ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ jèrè. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gba ohun ìní olóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò sọ pé kí òǹwòran wà láìní ààbò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn àjọ náà kọjá àyè wọn. Iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni láti la àyè náà. Nọ́ńbà tí a lè gbé kiri ni ó tú oníbàárà tẹlifóònù sílẹ̀. Dikódà tí ó lè gba ti ilé-iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ ni yóò tú òǹwòran sílẹ̀. Òfin tí yóò sọ ọ́ di dandan ni ó yẹ kí a máa bèèrè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìyá ọmọ náà ké. Oníbàárà tẹlifóònù tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá kọ etí ikún sí lè pe NCC lórí 622 láìsan kọ́bọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn: ọjọ́, iye owó, ohun tí a ṣèlérí, ohun tí a rí gbà. Ẹjọ́ tí a kò bá rò, adájọ́ kan kò lè dá a.