Ìdánwò Mẹ́ta tí Wọ́n Ṣe fún Àjàyí

Mo mọ̀ pé èdè Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ nílé ní Tchetti níbí, Yorùbá tèmi sì lè ṣàjèjì létí àwọn àgbà. Níbi tí ẹnu mi bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ẹ rán ọmọ lọ sí yunifásítì ìjọ. Ó lè jẹ́ ti àwọn Protẹ́sítáǹtì ní Porto-Novo, ó lè jẹ́ ti Kátólíìkì ní Cotonou, ó sì lè ti kọjá ààlà lọ sí Bowen ní Ìwó tàbí Babcock ní Ìlíṣàn. Ó dé pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ó gba 14 lórí 20, tàbí 3.8 lórí 5 bó bá jẹ́ Nàìjíríà ló ti ń bọ̀. Inú yín dùn, ẹ pa adìyẹ. Ṣùgbọ́n kí ni 14 yẹn sọ fún yín nípa ọmọ yín?

Ẹnì kan ni n ó fi dáhùn: Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dá sílẹ̀ ní Freetown ní 1827.

Ìdánwò rẹ̀ kìíní kò ní bébà, kò ní yíǹkì. Ní 1841, òun àti J. F. Schön, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, jọ wọ ọkọ̀ tó gòkè Odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìnàjò náà. Schön rí bí Àjàyí ṣe ń bá ọba àti tálákà sọ̀rọ̀, ó rí ìṣe rẹ̀ nígbà tí nǹkan le. Nígbà tí wọ́n padà, òun ló sọ fún CMS pé kí wọ́n kọ́ ọkùnrin yìí kí wọ́n sì fi í joyè àlùfáà.

Ìkejì wáyé ní Islington, ní London. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé Scholefield, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Cambridge, ló yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò. Ó wú u lórí débi pé ó fẹ́ mú un lọ ka fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ní adúláwọ̀ kò lè ro àròjinlẹ̀. Wọ́n fi Àjàyí joyè àlùfáà ní 1843.

Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Àjàyí ló jókòó ṣe ìdánwò, ìwé rẹ̀ sì wá di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà yẹn, kí ẹni ìta máa yẹ ìwé wa wò, la sì tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Láti 1876, oyè yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà ní Fourah Bay. Láti 1948 títí di 1962, oyè yunifásítì London ni wọ́n ń gbà ní Ìbàdàn. N kò bú u. Ojú ẹni tó wà níta kì í jẹ́ kí olùkọ́ bu máàkì fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú ìjọba Benin pé kí àwọn tó ń parí lísáǹsì àti másítà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni ṣe ìdánwò orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ohun tí bébà lè mọ̀ nìkan ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Èmi náà ti ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní 17 nígbà kan. Lọ́jọ́ kejì mo bi í léèrè ohun kan ṣoṣo lórí ohun tó kọ, ó ń wo òrùlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló há sórí tó sì dà padà fún mi. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, èmi ni mo ṣe ìbéèrè tí kò béèrè nǹkankan.

Ti yunifásítì ìjọ tún ṣòro ju èyí lọ, torí ó ṣèlérí ìwà mọ́ ìmọ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò kà, ẹsẹ̀ ló sì rọrùn jù láti kà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó wá sí ilé ìsìn àti ẹni tí kò wá. Ẹni tó sùn láti orin àkọ́kọ́ títí dé àdúrà ìparí, wíwá náà ló wá.

Ẹ wo aránṣọ inú ọjà yín. Kí ọ̀gá tó tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá ó ń dá àgékù aṣọ padà fún oníbàárà, bóyá ó ń parọ́ ọjọ́, bóyá ó ń rán ti tálákà bó ṣe ń rán ti olówó. Ìwà nìyẹn, inú iṣẹ́ ló sì ti rí i. Kí ló dé tí yunifásítì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ àwọn olókòwò kajú kan fún ọdún kan, kí ẹgbẹ́ náà wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Kí aláìsàn sọ bí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe dá a lóhùn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ náà lè ṣojúsàájú o. Ìdánwò Àjàyí kẹta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn kò tíì pẹ́ lórí Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí yẹ iṣẹ́ Àjàyí wò, ẹni tó ti di bíṣọ́ọ̀bù arúgbó. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú. Ẹni tí a bá ń yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ráyè fèsì. Ní Ọ̀yọ́ lónìí, yunifásítì Áńgílíkà kan ń jẹ́ orúkọ Àjàyí.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n bá ń jẹ iṣu tuntun ní Savalou, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín yóò ti wà nílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ béèrè máàkì. Ẹ ní kí ọmọ náà fi èdè Ifẹ̀ ṣàlàyé ohun kan tó kọ́ lọ́dún yìí fún ìyá rẹ̀ àgbà, kí ìyá àgbà náà sì bi í ní ìbéèrè kan. Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ má nà án. Àwa olùkọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí.