Orúkọ Ta Ni Ojúewé Wa Fi Ń Ṣiṣẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn akọ̀wé àti akápò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti ní báyìí. N kò ní sọ ọ́ bí ọ̀mọ̀wé; ohun tí ojú ẹgbẹ́ tèmi rí ni n óò fi ṣe àlàyé.

Ní ọdún 2021 ni a gba àyè fún ojúewé wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wo owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó rẹ̀ láti ilé. Nítorí pé owó wa kò pọ̀, àyè àpapọ̀ ni a gbà: ẹ̀rọ sáfà kan ṣoṣo ni àwa àti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn jọ ń lò. Èyí kò burú. Bí ilé ayálégbé ni ó rí, òrùlé kan, yàrá púpọ̀. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè, tí a kò bèèrè, ni bóyá yàrá kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

PHP ni èdè tí a fi kọ àwọn ìwé àṣẹ tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojúewé wa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ìwé àṣẹ yìí ni yóò lọ wo àkọsílẹ̀, tí yóò sì mú iye owó rẹ̀ wá. Ó ní fáìlì kan tí a kọ pásíwọ́ọ̀dù àkọsílẹ̀ náà sí. Ẹni tí ó bá ka fáìlì yẹn ti rí kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́.

Lórí sáfà, gbogbo fáìlì ni ó ní ẹni tó ni ín, orúkọ ẹnìkan ni a sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Níbi tí a kò bá ti tò ó dáadáa, ìwé àṣẹ gbogbo ayálégbé ń fi orúkọ kan náà ṣiṣẹ́, ìyẹn orúkọ sáfà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ohun tí ìwé àṣẹ tiwa bá lè kà, ti aládùúgbò náà lè kà á, nítorí orúkọ kan ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò wọlé nígbà kan, ni ẹni tí ń bá wa ṣiṣẹ́ bá fi àṣẹ 777 sí fódà náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lórí sáfà lè kà á, ó sì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Àwòrán wọlé, inú wa dùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni a bá lórí ojúewé wa. Olè ti gba ojúewé ayálégbé mìíràn wọlé, ó sì ti kó ìwé àṣẹ tirẹ̀ sínú fódà wa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti akápò fi tún àkọsílẹ̀ kọ láti inú páàsìbúùkù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni pé ìyá kan dìde ní ìpàdé, ó ní, "Akọ̀wé, ta ló ti mọ gbèsè mi báyìí?" N kò rí èsì fún un.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

Èkíní, ẹ bi ẹni tí ó yá yín ní àyè bóyá orúkọ tiyín ni PHP yín fi ń ṣiṣẹ́. PHP-FPM lè ṣe èyí, bí ó bá ya ti oníkálukú sọ́tọ̀. SuEXEC náà lè ṣe é. Bí ó bá ní "safe mode" ni ààbò òun, ẹ kó jáde, nítorí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú PHP láti ọdún 2012.

Èkejì, ẹ fi àṣẹ 600 sí fáìlì pásíwọ́ọ̀dù, kí ẹni tó ni ín nìkan lè kà á, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú fódà tí gbogbo ayé ń wò. Bí ojúewé bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ yín ni ó ń jẹ́. Ẹ má tìtorí èyí fi 777 sí i. Ẹ lọ bá onílé.

Ẹ̀kẹta, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kò gbà wá lọ́wọ́ àìbìkítà tiwa, nítorí ẹni tí ó bá gba ihò inú ìwé àṣẹ wa wọlé, agbára wa ni yóò lò. Ẹ má jẹ́ kí PHP lè ṣiṣẹ́ nínú fódà tí a ń kó àwòrán sí. Ẹ má sì lo PHP àtijọ́: láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe PHP 7.4 dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa ṣe àdàkọ àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àyè àpapọ̀ ni a ṣì wà títí di òní, ṣùgbọ́n yàrá wa ti ní kọ́kọ́rọ́. Bí ìyá yẹn bá tún dìde, mo ní èsì fún un. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.