Àwọn Èso àti Ewé tí ń Lé Kòkòrò Kúrò Nínú Ẹ̀wà àti Àgbàdo

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí, tí ó sì ka àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó ju ẹgbẹ̀ta lọ, yóò lè fi ojú inú wo ìgbé-ayé àwọn tí ń gbé orí àpáta náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá sísàlẹ̀ ní 1923. Ẹni tí ó bá ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo gun irú òkè bẹ́ẹ̀ kò ní fi tayọ̀tayọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún kòkòrò. Lónìí kòkó ni iṣẹ́ wa, láti Òkè Ọya sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tí a ń jẹ ti ń wá. Nínú àpò kan náà ni kòkòrò ń bá a wá.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ tí ènìyàn yóò jẹ. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n rí oògùn dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Ní 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré oògùn náà. Ẹ̀wà tí Òyìnbó kọ̀, ikùn ta ni ẹ rò pé ó wọ̀?

Ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, ti ń dán ewé àti èso ilẹ̀ wa wò lára àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ní 2004, Adédire àti Akínnẹ́yẹ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí agbára tí igi olódòdó pupa rẹ́súrẹ́sú tí ń hù lẹ́bàá ọ̀nà wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tithonia, ní lórí kòkòrò ẹ̀wà. Ìyèré, ẹ̀ẹ̀rù, kànáfùrù àti dóńgóyárò náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti dán wò.

Ṣùgbọ́n kí a tó lo oògùn, ó yẹ kí a mọ ìwà ọ̀tá. Kòkòrò ẹ̀wà, nígbà tí ó bá ti dàgbà, kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. A mọ̀ pé èyí yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì péré ni ó ń lò láyé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó wá ẹnìkejì, kí ó sì yé ẹyin. Abo rẹ̀ a máa rìn káàkiri orí hóró, a tọ́ ọ wò, a sì yan èyí tí ó dán tí ẹlòmíràn kò tíì yé sí. Nígbà náà ni yóò fi ohun bí àtè lẹ ẹyin mọ́ ọn. Ọmọ a ti inú ẹyin lu hóró wọlé tààrà, a máa jẹun níbẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù kan a ó sì rí ihò roboto tí àgbà gbà jáde. Ti kòkòrò àgbàdo yàtọ̀: ó ń fi ẹnu rẹ̀ gígùn gbẹ́ ihò, ó ń yé sínú rẹ̀, ó sì ń dí i padà, àgbà rẹ̀ ń jẹ, ó sì lè gbé oṣù púpọ̀.

Nítorí náà, oògùn tí ń ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu, bíi dóńgóyárò, lè fi ebi pa kòkòrò àgbàdo. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún èyí tí kì í jẹun? Síbẹ̀ òróró rẹ̀ ń bá kòkòrò ẹ̀wà jà ní ọ̀nà mìíràn: abo kì í fẹ́ yé sára hóró tí a fi òróró pa, bí ó bá sì yé, òróró a dí ihò tí ẹyin ń gbà mí. Ní 1978, àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde pé òróró ẹ̀pà lásán, mílílítà 5 sí kìlógíráàmù 1 ẹ̀wà, ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣíbí tíì kan ni. Ní ti ìyẹ̀fun ìyèré àti kànáfùrù, òórùn wọn ni kòkòrò ń sá fún. Bí wọ́n bá kàn án lára, a máa sáré kiri, a dojú dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì ní ráyè yé.

Lílé kò túmọ̀ sí pípa. Bí àpò bá ṣí sílẹ̀, kòkòrò yóò kọjá sínú àpò aládùúgbò, yóò sì padà nígbà tí òórùn bá rọ̀. Àwa fúnra wa ti da ìyèré sí ẹ̀wà tí ó ti pẹ́ lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ihò kún ara rẹ̀. Kì í ṣe ìyèré ni ó jẹ̀bi: àwọn ọmọ ti wà nínú hóró, níbi tí ìyẹ̀fun kò lè dé.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀wà sórí ọ̀rá dúdú lórí àpáta ní ọ̀sán gangan, kí ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó. Ooru tí ó bá pọ̀ tó ń pa ọmọ inú hóró. Bí ó bá ti tutù, ẹ pò ó mọ́ òróró tàbí ìyẹ̀fun, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin, kí òórùn má bàa jáde, kí afẹ́fẹ́ má sì wọlé. Ẹ má ṣe rò pé nítorí tí ó jẹ́ ewé, kò lè ṣe ibi: ìwọ̀nba ni kí ẹ fi sí i. Ìyèré kò ní ba ọbẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n dóńgóyárò korò. Ẹ fi omi mẹ́ta ṣan ẹ̀wà náà kí ẹ tó gbé e kaná.