Bí Wọ́n Bá Gbá Ọkọ̀ Yín, Ẹ Má Jà, Ẹ Má Sì Sọ Ẹ̀tọ́ Yín Nù

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ojú títì ni. Gbogbo àwa tí a ń gbé Adégbayì, Alákìá àti Ẹgbẹ́dá la mọ bí ọ̀nà Ifẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Micra ń yà lójijì láti gbé èrò, ọ̀kadà ń wá ibi tó máa gbà kọjá, tírélà ń tẹ fèrè lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ọkọ̀ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní Micra kan ti ẹ̀yìn gbá ọkọ̀ arákùnrin kan ní oríta Adégbayì. Báńpà já, iná ẹ̀yìn fọ́, búùtù kò pa dé mọ́. Wọ́n ṣírò owó páńẹ́ẹ̀lì bítà, owó ọ̀dà àti owó iná, ó di ₦180,000. Awakọ̀ ti dọ̀bálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, màá san án lópin oṣù." Àwọn tó dúró ń wòran ń bá a bẹ̀bẹ̀. Arákùnrin wa gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ. Oṣù parí, fóònù kò wọlé mọ́.

Ohun mẹ́ta ni àwa èèyàn sábà máa ń ṣe níbi tọ́rọ̀ bá dé yìí. Àwọn kan á ní àwọn fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àwọn kan á wá ọlọ́pàá tí wọ́n mọ̀, pé kó bá wọn ti awakọ̀ náà mọ́lé. Àwọn kan á kó ọmọ àdúgbò lọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò. Ìdáríjì dára, òun ni ẹwà onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ tinútinú, òun ló dárí jì. Ẹni tó dákẹ́ nítorí pé kò mọ ibi tó lè gbà, tó sì ń kùn nínú, kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Nínú òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì, ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ san án padà, ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó gbọ́dọ̀ san owó màlúù tó kó sí i. Bíbéèrè ohun tí wọ́n bà jẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ti ọlọ́pàá ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ fi jàǹbá tó olọ́pàá létí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n agbowó kọ́ ni wọ́n. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí aáwọ̀ owó tàbí àdéhùn lásán. Bí a bá ní kí wọ́n ti ọmọ tálákà mọ́lé nítorí báńpà, àwa tí a ń wá ìdájọ́ òdodo ti di aninilára. Ti gbígba kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ lè ti ibẹ̀ di ọ̀daràn, kí ẹni tó jẹ yín wá di olùpẹ̀jọ́.

Ọ̀nà kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kóòtù ẹjọ́ owó kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, lábẹ́ kóòtù májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Kánò tẹ̀ lé e ní ọdún 2019, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ní Ìlú Ọba, £10,000 ni òtẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí lábẹ́ ìlànà Èkó. Ẹ óò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ẹni tó jẹ yín pé kó san owó. Bí kò bá san, ẹ óò gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù. Kóòtù á fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i, ó sì ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ lè sọ̀rọ̀ fúnra yín láìgba lọ́yà. Wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ náà parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ nínú pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni fún ẹjọ́ tó ń gba ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nínú kóòtù tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí májísíréètì ní ni pé kó gbìyànjú láti parí ìjà. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ lẹ ó ti gbà pé kí awakọ̀ máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá sì jẹ́ pé ará ìjọ ni ẹni tó gbá yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá síwájú àwọn àgbà ìjọ.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń ṣubú. Owó tí iye rẹ̀ ti dájú ni kóòtù yìí wà fún. Bí ẹ̀yin àti awakọ̀ bá ṣì ń jiyàn lórí ta ló jẹ̀bi, tàbí lórí iye tó bàjẹ́, ìyẹn kò tíì di gbèsè, kóòtù májísíréètì lásán ló máa gbọ́ ọ, á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń sọ jàǹbá di gbèsè ni ìwé. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ohun tí kò sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì kí ẹ tó sún wọn kúrò, kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn.

Èkejì, ẹ gba orúkọ awakọ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ ni, ẹ lè pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba nọ́ńbà àwọn ẹlẹ́rìí méjì.

Ẹ̀kẹrin, bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé: iye owó, ọjọ́ tó máa san án, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ àti ti ẹlẹ́rìí. Ẹ má fi ipá gbà á, nítorí ìwé tí wọ́n fi ìbẹ̀rù gbà kì í dúró ní kóòtù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá fi tún ọkọ̀ ṣe.

Níbí ní Ìbàdàn, ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù májísíréètì ní Ìyágànkú. Ẹ béèrè ìlànà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lórí ẹjọ́ owó kékeré, ẹ béèrè owó fọ́ọ̀mù, ẹ sì gba rìsíìtì ohun tí ẹ bá san.

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbàgbé: ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò ẹni tó gbá yín. Dandan ni fún gbogbo ọkọ̀. Láti ọdún 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bà jẹ́. Bí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, ó lè má pọn dandan kí ẹ dé kóòtù rárá. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ lójú títì, ẹ yẹ tiyín náà wò.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti àwa tí a gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Kí a má ṣe dọ̀bálẹ̀ lójú títì, kí a wá pa fóònù nílé. Sákéù kò dúró de ìwé ìpè kó tó dá ohun olóhun padà. Bí owó kò bá tó, ká lọ bá onítọ̀hún, ká sọ iye tí agbára wa ká lóṣooṣù, ká sì san án. Olúwa yóò fún wa ní ọkàn tó ń béèrè ẹ̀tọ́ láìsí ìkà, àti ọwọ́ tó ń san gbèsè láìsí kóòtù. Àmín.