Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà Oko? Ọ̀rọ̀ lórí Owó Ìjọba àti Ọ̀nà Ìgbèríko ní Ìdèrè

Ẹnu lè ya àwọn kan pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà. Iṣẹ́ ẹnjiníà kọ́ ni mo wá ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí n mọ ẹni tí ó ń sọ ọ́, ẹni tí a ń sọ ọ́ fún, àti ohun tí a fi sílẹ̀ láìsọ. Ètò ìnáwó ìjọba, ọ̀rọ̀ ni òun náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé kì í ṣe àìsí owó nìkan ni ó ń mú kí ọ̀nà oko kẹ́yìn. Ó ń kẹ́yìn nítorí bí a ṣe ń ka àìní àwọn ènìyàn, àti nítorí pé a kì í yan ẹni tí yóò tọ́jú ọ̀nà lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i.

1. Ọ̀nà àti àpò owó rẹ̀

Ní ayé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣán ọ̀nà tirẹ̀ dé ààlà, oníbodè a sì máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. N kò sọ pé ìgbà náà sàn ju tiwa lọ. Ogun a máa dí ọ̀nà, oníbodè mìíràn a sì máa rẹ́ ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n bí igbó bá bo ọ̀nà, tọmọdé tàgbà ni ó mọ ilé tí wọn yóò lọ kàn sí.

Ìjọba àmúnisìn yí èyí padà. Rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn láti Èkó, tí a ṣí ní 1901, gba Abẹ́òkúta kọjá, kò yà sí Ìbàràpá. Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí a là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, kò yà síbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ìlú méje Ìbàràpá, èyíinì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, kò ní oko. Ìbéèrè tí àwọn alámójútó ìgbà náà ń bi ilẹ̀ ni pé: kí ni a óò rí kó jáde lọ sí èbúté? Wọn kò bi ará oko pé: kí ni ìwọ fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà dìde nínú rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà. Owó-orí ni gbogbo ayé fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé tí kò ṣeé rìn wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà. Nígbà tí mo bá ka ẹ̀sùn náà bí mo ti ń ka ìwé, ahun kọ́ ni mo ń rí níbẹ̀. Mo ń rí ẹni tí ó ń béèrè ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ.

2. Onílé kò ní kọ́kọ́rọ́

Lónìí, òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 ka ọ̀nà ṣíṣe àti ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú nǹkan bí 200,000 kìlómítà ọ̀nà tí a ń kà fún Nàìjíríà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Síbẹ̀, òfin kan náà ni ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wọ àpò àjùmọ̀ní tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù ni àpò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a tààrà. Ìdájọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò lè fúnra rẹ̀ kó yangí sí ojú ọ̀nà.

A ti rí owó rí. Ní 1986 ni ìjọba ológun dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, tí wọ́n sì fi 60,000 kìlómítà ọ̀nà ṣe àfojúsùn. A la ọ̀nà púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí kò ní gọ́tà, tí kò ní alágbàtọ́, òjò ni ó ni ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni igbó tún gbà padà.

Ẹ kíyè sí èdè wa. Ìjọba a máa "là" ọ̀nà, a sì máa "ṣí" i. Láti inú "là ọ̀nà" ni a ti rí "ìlànà" pàápàá. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀nà ṣíṣí: a gé rìbọ́nù, a ya fọ́tò, a lọ sílé. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ a máa "ṣán" ọ̀nà, a sì máa "ro" ó. Iṣẹ́ ọdọọdún nìyẹn, nítorí ọdọọdún ni koríko ń hù. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ó kún inú ìwé ìnáwó. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

3. Ẹ̀kọ́ tí sòbìà kọ́ wa

Ìdèrè, tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Igbó-Ọrà lọ sí Ayétẹ̀, kì í ṣe orúkọ àjèjì létí àwọn onímọ̀ ìlera. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, ìwádìí lórí sòbìà ní Ìdèrè àti àwọn aba rẹ̀ sì di ohun tí a ń kà ní òkè òkun. Ẹni tí sòbìà bá mú lẹ́sẹ̀ kò lè rìn dé ọsibítù. Nítorí náà, bí a bá jókòó sí ọsibítù kí a tó kà á, aláìsàn díẹ̀ ni a óò rí, a óò sì rò pé àrùn náà kò tó nǹkan. Nígbà tí Nàìjíríà kà á láti abúlé dé abúlé ní 1988, iye tí a rí ju 650,000 lọ. Ìkà yẹn ni ó mú kí omi àti asẹ́ dé ibi tí ó yẹ. Aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti 2008. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ níhìn-ín.

Bí a ti ń jókòó sí ọsibítù ni a ń ka ọ̀nà báyìí. A ń ka iye ọkọ̀ tí ń kọjá, a sì ń fi owó sí ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Aba tí kò ní ọ̀nà kò lè ní ọkọ̀; òdo ni akọ̀wé yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Bí odò bá kún tí ọ̀kadà kò lè kọjá, iye tí aláròóbọ̀ bá dá lé e ni àgbẹ̀ yóò gbà. Aboyún tí ó ń rọbí kò sì lè dúró de odò kí ó fà.

Ẹnìkan lè sọ pé owó kò tó, àti pé ọ̀nà ọlọ́dà ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní. Òótọ́ wà níbẹ̀: ẹ̀gẹ́ aba Ìdèrè yóò gba títì Igbó-Ọrà kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n títì dídára tí ẹrù kò lè dé etí rẹ̀, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ẹrù? Afárá kékeré kan lórí odò tí ń dí aba méje mọ́lé kò sì ní iye kan náà pẹ̀lú kìlómítà ọ̀dà.

4. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí a ka ènìyàn kí a tó ka ọkọ̀. Òṣùwọ̀n kan ti wà lágbàáyé tí ń béèrè iye ará oko tí ilé wọn kò ju kìlómítà 2 lọ sí ọ̀nà tí ó ṣeé rìn lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ìbàràpá fi òṣùwọ̀n yìí ka aba rẹ̀, kí ó sì fi èsì rẹ̀ hàn ní gbangba.

Èkejì, kí a kọ́kọ́ tún ibi tí ọ̀nà ti já ṣe: odò, ẹrẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí a bá tún ibi mẹ́ta tí ó burú ṣe, ọ̀nà kìlómítà mẹ́wàá lè di rírìn.

Ẹ̀kẹta, kí a ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí a tó ya owó ọ̀nà tuntun. Ní Kẹ́ńyà, láti 1974, ọwọ́ àwọn ará oko ni a fi la ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgbèríko, wọ́n sì ń san owó fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà láti máa tọ́jú ìwọ̀n tí a pín fún un. Ètò ọ̀nà ìgbèríko tí Báńkì Àgbáyé fi mílíọ̀nù 280 dọ́là ràn lọ́wọ́ ní 2020, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára rẹ̀, béèrè pé kí ìpínlẹ̀ dá àpò owó ọ̀nà àti àjọ ọ̀nà ìgbèríko sílẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ iye tí ó wọ àpò náà àti iye tí ó jáde sára pátákó ní ọjà Ìdèrè, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí ń rin ọ̀nà lè kà á.

Àwọn àgbà ní, kí sòbìà tó degbò, Olúgànbe là á ké sí. Sòbìà ti lọ ní Ìdèrè. Ojú ọ̀nà ni egbò kù sí, a sì mọ ẹni tí ó yẹ kí a ké sí, nítorí òfin ti dárúkọ rẹ̀. Ó kù kí a bá a ka ìwé owó rẹ̀.